Ṣé òótọ́ ni pé láàbù lè mọ ilẹ̀ tí àjàrà inú ìgò kan ti hù?

Ìyá kan tó ń ta wáìnì ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé béèrè. Wọ́n gbé páálí mẹ́fà wá fún un. Bordeaux, orúkọ agbègbè kan ní Faransé tí wáìnì rẹ̀ gbajúmọ̀, ló wà lára ìgò, àmọ́ owó tí wọ́n pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìlàjì iye tó máa ń rà á lọ. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì wá sọ fún un pé àwọn onímọ̀ lè yẹ ọtí wò, kí wọ́n sì sọ ilẹ̀ tí àjàrà rẹ̀ ti hù. Ó ní: "Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni ilẹ̀ ṣe dé inú ọtí? Ṣé mo sì lè fi mọ̀ bóyá Bordeaux gidi ni wọ́n gbé wá fún mi?"

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọgbá.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun gan-an nìyẹn: mo máa ń tọpa oúnjẹ àti ọtí títí dé ara òkúta tó wà lábẹ́ oko. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí agbára iṣẹ́ náà mọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ náwó lé ohun tí kò lè ṣe fún yín. Màá sọ méjèèjì.

Igi àjàrà kì í kúrò lójú kan. Ibi tí wọ́n bá gbìn ín sí ló ti ń fi gbòǹgbò mu omi, inú omi yẹn sì ni ohun tó yọ́ kúrò lára òkúta abẹ́ ilẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn ni strontium. Ó jọ kálísíọ̀mù, èyí tó ń mú kí eegun wa le, débi pé gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá ti ń fa kálísíọ̀mù, á fa strontium mọ́ ọn. Á gba ara igi dé inú èso, á ti inú èso bọ́ sínú ọtí. Kò pọ̀ rárá. Nínú odidi lítà wáìnì kan, ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn tó wa lò.

Strontium yìí pín sí oríṣi mẹ́rin. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìwúwo nìkan ló yà wọ́n, ìwúwo náà la sì fi ń pè wọ́n: 84, 86, 87 àti 88. Irú àwọn ọmọ ìyá báyìí là ń pè ní áísótóòpù. Mẹ́ta nínú wọn ò pọ̀ sí i, wọn ò sì dín kù, láti ìgbà tí ayé ti wà. 87 nìkan ló ń pọ̀ sí i, nítorí èròjà mìíràn kan, rubidium-87, ń yí padà di í díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ tí mo wí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ orí ènìyàn wọ̀n ọ́n. Kí ìdajì rubidium-87 tó wà nínú òkúta kan tó yí padà, á gbà tó bílíọ̀nù ọdún 49, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ayé fúnra rẹ̀ ò tíì pé bílíọ̀nù ọdún márùn-ún.

Nítorí náà, òkúta tó ní rubidium púpọ̀ tó sì ti dàgbà, strontium-87 inú rẹ̀ á pọ̀. Irú rẹ̀ ni akọ òkúta gíránáìtì. Ẹ rántí àwọn òkè Ìdànrè: wọ́n ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, rubidium inú wọn sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ jáde ò rí bẹ́ẹ̀. Rubidium rẹ̀ kéré, kò sì tíì pẹ́ láyé. Nọ́ńbà tí a ń wá ni iye strontium-87 tí a bá fi strontium-86 pín. Omi òkun òní, níbi yòówù kí ẹ ti bù ú lágbàáyé, 0.7092 ni. Òkúta tó ń tú jáde láti inú Etna, òkè ayọnáyèéfín ní Sicily, ní Ítálì, wà ní nǹkan bí 0.7035. Gíránáìtì àtijọ́ lè ga ju 0.720 lọ. Lójú yín, ó lè dà bíi pé kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, àmọ́ ẹ̀rọ wa ń ka nọ́ńbà karùn-ún lẹ́yìn póíǹtì láìṣìnà. Lójú rẹ̀, Etna àti gíránáìtì jìnnà síra bí Èkó ṣe jìnnà sí Sókótó.

Láyé àtijọ́, tí àlejò bá wọ̀lú, àwọn àgbà á ti wo ojú rẹ̀ kó tó lanu. Àbàjà ni àbí gọ̀mbọ́? Wọ́n á ti mọ ọ̀nà tó gbà wá. Nọ́ńbà yìí ni ilà tí ilẹ̀ kọ sójú àjàrà. Ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹ̀rí yòókù lọ ni pé sísè, fífún àti pípọn ọtí kì í pa á rẹ́. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà inú omi àjàrà di ọtí, àwọ̀ á yí, òórùn á yí, wọ́n á tọ́jú ọtí sínú àgbá igi fún ọdún méjì. Ìpín 87 sí 86 á ṣì dúró bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ ní Ítálì ti tẹ̀ lé wáìnì pupa láti ara ilẹ̀ dé ara èso, dé inú omi àjàrà, dé inú ìgò, nọ́ńbà náà ò sì yẹ̀. Òjò tó pọ̀ lọ́dún kan tàbí ọ̀dá tó mú lọ́dún kejì kì í mì ín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ láàbù díẹ̀, kó má baà dà bí idán. Wáìnì tí kò ju ṣíbí ìmùkọ kan lọ la máa dà sínú ife Teflon kékeré, a ó gbé e lé orí àwo tó gbóná níwọ̀nba. Ọtí á kọ́kọ́ fẹ́ lọ, omi á tẹ̀ lé e, ohun tó máa ṣẹ́ kù nídìí ife á dúdú, á sì máa lẹ̀ bí ọ̀dà. A ó da ásíìdì nítíríkì àti háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì lé e lórí. Á hó, á rú èéfín. A ó gbẹ ẹ́, a ó tún dà á, títí dúdú yẹn á fi lọ tán, tí yóò ku nǹkan funfun díẹ̀ bí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ìdí àwo. Ìyẹn ni gbogbo òkúta tó wà nínú ṣíbí wáìnì kan.

Lẹ́yìn náà, a ó tún fi ásíìdì yọ́ iyọ̀ yẹn, a ó sì kán an sínú ọ̀pá kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n di rẹ́sìnì funfun, ìyẹn wóró kéékèèké tó ń fa èròjà mọ́ra, sí nínú. Bí ásíìdì bá le, rẹ́sìnì á gbá strontium mú, gbogbo ìyókù á ṣàn kọjá. Tí a bá wá da omi tó mọ́ gaara sí i, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á sì máa kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i ló ti ń yà mí lẹ́nu: ásíìdì dì í mú, omi tú u sílẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí ìwúwo rubidium-87 àti ti strontium-87 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá jẹ́ kí méjèèjì jọ wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kà wọ́n pọ̀, nọ́ńbà á di irọ́. Ẹ̀kán tó mọ́ yẹn la máa gbẹ sórí okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó fi iná mànàmáná mú okùn náà gbóná kọjá 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn átọ́ọ̀mù á fò kúrò lára rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan á sì tẹ ọ̀nà wọn. Èyí tó fúyẹ́ á yà ju èyí tó wúwo lọ. Ibi tí kálukú bá bọ́ sí la ti ń kà wọ́n.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ṣe é rí. Wọ́n á lọ sí ọgbà àjàrà, wọ́n á gé òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wọn nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á wá rí i pé kò bá ti wáìnì mu, wọ́n á sì pariwo pé ayédèrú ni. Gbòǹgbò kì í jẹ òkúta. Ohun tó bá yọ́ kúrò lára òkúta sínú omi ló ń mu. Nínú gíránáìtì, ohun tó ń dán yinrin-yinrin tí ẹ máa ń rí lára òkúta, máíkà, òun ló kó rubidium jọ, strontium-87 rẹ̀ sì ga. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, féésípà, inú rẹ̀ ni strontium púpọ̀ wà, nọ́ńbà tirẹ̀ sì wálẹ̀. Òjò kì í yọ́ àwọn méjèèjì bákan náà. Nítorí náà, erùpẹ̀ ibi tí gbòǹgbò wà gan-an là ń bù, a ó fi omi oníyọ̀ kan fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ bí òjò ṣe máa fọ̀ ọ́, ohun tó bá bá omi yẹn jáde la máa wọ̀n. Ìyẹn ló máa ń bá ọtí mu.

Òjò náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ́síjìn inú omi ní èyí tó wúwo, ọ́síjìn-18, àti èyí tó fúyẹ́. Bí ìkùukùu ṣe ń ti òkun bọ̀ wá sórí ilẹ̀, omi tó wúwo ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ dànù, tí yóò fi dé orí òkè tàbí àárín gbùngbùn ilẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ló kù jù. Nígbà tí oòrùn bá sì ń pa àjàrà, omi fífúyẹ́ ló máa ń tètè fẹ́ kúrò lára ewé àti èso, èyí tó wúwo á ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí omi inú wáìnì gúúsù Ítálì létí òkun fi máa ń wúwo ju ti àfonífojì olótùútù lábẹ́ òkè Alps. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí ń yí padà lọ́dọọdún, torí pé ojú ọjọ́ kì í dọ́gba. Láti 1991 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe wáìnì ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń ká àjàrà tó dájú láti ọgbà wọn lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi í pọn ọtí díẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Tí ìgò kan bá ní òun jẹ́ ti ọdún báyìí, ìpínlẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yẹn àti ìpínlẹ̀ yẹn. Tí ẹnì kan bá sì ti bu omi ẹ̀rọ lu ọtí rẹ̀, omi náà á fẹjọ́ rẹ̀ sùn, torí pé ó fúyẹ́ ju omi inú èso lọ.

Ní ti àwọn irin yòókù, àwọn kan máa ń wọn ogójì irú wọn pa pọ̀, kí wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ ya àwòrán ibi tí ọtí ti wá. Ó wúlò, àmọ́ èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́kàn lé e. Bàbà ń ti ara oògùn tí wọ́n fi ń pa olú lára ewé àjàrà wọlé. Irin ń ti ara táǹkì wọlé. Amọ̀ bẹntónáìtì tí wọ́n fi ń mú kí wáìnì tòrò máa ń fi èròjà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé ìpọntí lẹ̀ ń rí, kì í ṣe ilẹ̀. Tàbí kẹ̀ ó jẹ́ títì. Ní 1994, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde kan jáde nípa wáìnì Châteauneuf-du-Pape ní Faransé, níbi tí ọgbà àjàrà ti wà lẹ́bàá òpópónà ńlá méjì: wọ́n rí òjé inú epo mọ́tò nínú wáìnì ọdún dé ọdún, ó ń pọ̀ nígbà tí òjé pọ̀ nínú epo, ó sì ń dín kù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò.

Ó wá ku ohun tí ọmọ yín kò sọ fún yín.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilà pélé wà ní ìlú tó ju ẹyọ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yìí. Òkúta Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Naples ní Ítálì, iná ló bí i. Nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín 0.707 sí 0.708. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló ti dì, ní nǹkan bí 160 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà wà ní nǹkan bí 0.707. Iná bí ọ̀kan, omi bí èkejì, ilà kan náà ló wà lójú wọn. Ẹni tó bá sì po ọtí ibi tí nọ́ńbà ti ga mọ́ ọtí ibi tó ti wálẹ̀, ó lè rí nọ́ńbà àárín tó máa jọ ti ìlú kẹta tí kò débẹ̀ rí.

Bordeaux tí ẹ wá béèrè yìí tún le sí i. Kì í ṣe òkúta kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí odò kó wá láti òkè Pyrenees àti Massif Central ló wà ní apá Médoc, òkúta ẹfun ló wà ní Saint-Émilion, amọ̀ sì wà káàkiri. Nítorí náà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo lè tọ́ka sí pé "Bordeaux rèé." Ohun tí iṣẹ́ wa lè fi ohùn gíga sọ ni pé "ọtí yìí kò wá láti ibí." Tó bá kan "ibí gan-an ló ti wá," ohùn wa á rẹlẹ̀, àyàfi tí a bá ní àkọsílẹ̀ ọgbà náà gan-an lọ́wọ́, tí strontium, ọ́síjìn àti kábọ̀ọ̀nù (màá sọ ti kábọ̀ọ̀nù láìpẹ́) sì ń sọ ohun kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rí kan ṣoṣo ti tó òun láti búra, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ̀rọ nìkan ló ń mú olè wáìnì o. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Carcassonne, ní gúúsù Faransé, dá ènìyàn 12 lẹ́bi pé wọ́n ta wáìnì olówó pọ́ọ́kú fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní orúkọ Pinot Noir, irú àjàrà kan tó níyì. Ọtí náà tó ìgò mílíọ̀nù 18. Kì í ṣe strontium ló tú wọn fó. Ìṣirò ni. Àwọn aláyẹ̀wò wo ìwé, wọ́n rí i pé Pinot Noir tí wọ́n ń tà kúrò ní agbègbè náà pọ̀ ju èyí tí agbègbè náà lè so lọ, owó tí wọ́n ń tà á sì kéré jù. Strontium ò tilẹ̀ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń sọ, kì í sọ irú àjàrà tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí páálí mẹ́fà yín. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi ìgò yẹn kọ́ ni "ibo lo ti wá?" Màá bi í pé "ṣé àjàrà tilẹ̀ ni ọ́?" Ọ̀pọ̀ ayédèrú ọtí, ṣúgà, omi, àwọ̀ àti òórùn ni wọ́n pò pọ̀. Ìyẹn sì rọrùn láti mú ju strontium lọ. Ìrèké àti àgbàdo ń gba afẹ́fẹ́ sára lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àjàrà, iṣu tàbí kòkó, kábọ̀ọ̀nù-13 inú wọn sì pọ̀ jù. Lórí òṣùwọ̀n tí a ń lò, ṣúgà ìrèké á wà ní nǹkan bí -12, àjàrà á wà ní nǹkan bí -26. Ṣúgà tó sábà máa ń wà lọ́jà wa, ti ìrèké ni. Ọtí tí wọ́n bá fi í pọn ò lè fara pamọ́. Ṣúgà bíìtì, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń fi ṣe ṣúgà ní Yúróòpù, ló ṣòro díẹ̀, torí kábọ̀ọ̀nù rẹ̀ jọ ti àjàrà. Ọ̀nà tí Gérard Martin àti Maryvonne Martin gbé kalẹ̀ ní Nantes, ní Faransé, tí wọ́n fi ń ka háídírójìn tó wúwo nínú ọtí, ló ń mú ìyẹn.

Ẹ má tíì sanwó tán. Ẹ kọ́kọ́ wo ara ìgò dáadáa. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó rọ ọtí náà sínú ìgò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà lot, ìyẹn nọ́ńbà àwọn ìgò tí wọ́n rọ pa pọ̀, gbọ́dọ̀ wà, lẹ́tà L ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Nígbà mìíràn ara gíláàsì ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, lápá ìsàlẹ̀, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ẹni tó kó ọjà wọlé náà ńkọ́? Tí ẹ bá rí ìgò ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páálí, tí nọ́ńbà lot kan náà sì wà lára méjèèjì, ẹ fura. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ìdérí, kí ọmọ yín fi ránṣẹ́ sí ilé ìpọntí náà ní Faransé, kó béèrè bóyá àwọn ló ni lot yẹn. Kò náni ju dátà lọ.

Tí wọ́n bá dáhùn pé àwọn ló ni ín, ẹ ra ọjà yín. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ mú ìgò méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ẹ tọ́jú wọn síbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi. Ìgò tí wọ́n ti ṣí, omi rẹ̀ ti ń fẹ́ lọ, ọ́síjìn rẹ̀ ti ń yí padà, kò ní wúlò fún mi mọ́.